Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Ta Tẹ́tẹ́ Lé Ẹni Méjì Lórí?

Olùkọ́ àgbà kan láàárín yín kọ̀wé sí wa ní oṣù tí ó kọjá, ó sì gbà wá láyè láti mú ọ̀rọ̀ náà wá síwájú yín láìdárúkọ òun. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, kò sì gbàgbé ilé. Láìpẹ́ yìí ó fi owó ránṣẹ́ kí a fi pààrọ̀ páànù ilé baba rẹ̀ tí ń jò. Òun fúnra rẹ̀ ni ó jẹ́wọ́ pé apá kan nínú owó náà jẹ́ èrè tẹ́tẹ́ tí òun ń ta lórí ìdíje gọ́ọ̀fù. Nígbà tí baba bá a wí, ohun tí ó fi dáhùn ni pé, "Ẹ má bínú, Bàbá mi. Èyí kì í ṣe irú tẹ́tẹ́ tí ẹ mọ̀. Ìmọ̀ ni." Baba wá ń bi wá bóyá kí òun ná owó náà, tàbí kí òun dá a padà.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti ọmọ náà. Gọ́ọ̀fù ni eré tí a ń fi ọ̀pá lu bọ́ọ̀lù kékeré títí yóò fi wọ inú ihò. Ihò 18 ni a ń gbá yí pápá ká, lílù kọ̀ọ̀kan ni a sì ń kà. Ẹni tí lílù rẹ̀ bá kéré jùlọ ni ó borí. Ìdíje àwọn tí ó fi eré náà ṣe iṣẹ́ oòjọ́ sábà máa ń gba ọjọ́ mẹ́rin, èyí tí í ṣe ihò 72. Nítorí pé àwọn tí ń díje pọ̀, ó ṣòro gidigidi láti mọ ẹni tí yóò gba ipò kìíní. Èyí ni ó mú kí àwọn ilé tẹ́tẹ́ dá ọ̀nà mìíràn: wọn a mú ẹni méjì tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, wọn a sì ní kí ènìyàn yan èyí tí yóò ṣe dáradára ju èkejì lọ, ìbáà ṣe ní ọjọ́ kan tàbí ní ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tí a yàn lè wà ní ipò ogójì. Bí èkejì bá ti wà lẹ́yìn rẹ̀, tẹ́tẹ́ ti jẹ.

Ọmọ náà kò sì rú òfin. Ní ọdún 1992 ni a ṣe òfin kan ní Amẹ́ríkà tí ó dí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ láti fi àṣẹ sí tẹ́tẹ́ orí eré ìdárayá, ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún ọdún 2018 ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ níbẹ̀ sọ ọ́ di asán, ó sì fi í sọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ṣe bí ó ti fẹ́. Pé ìmọ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, a gbà. Ẹni tí ó mọ ẹni tí afẹ́fẹ́ líle kì í dà láàmú, tí ó sì mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ti sún mọ́ ihò, mọ ohun kan.

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò bá wa wo iye owó rẹ̀. Ní irú tẹ́tẹ́ ẹni méjì báyìí, ó wọ́pọ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ dọ́là 100 ní láti fi 110 lélẹ̀. Bí ẹnìkan bá ta á nígbà 100, tí ó sì yàn dáradára nígbà 52, yóò jẹ 5,200, yóò sì pàdánù 5,280. Ó mọ̀ ju ẹni tí ń sọ owó ẹyọ sókè lọ, síbẹ̀ ó jẹ gbèsè dọ́là 80! Ilé tẹ́tẹ́ kò bèèrè ẹni tí ó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀. Àárín àwọn méjèèjì ni ó ti ń jẹun.

Bí ó bá ṣe ti owó nìkan ni, a ì bá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ọmọ náà àti àpò rẹ̀. Ohun tí ó ń gbé wa lọ́kàn jù ni ohun tí irú tẹ́tẹ́ yìí ń kọ́ ènìyàn láti máa fẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ní pápá Olympia Fields lẹ́bàá Chicago, Ọ̀gbẹ́ni Max Homa dúró láti ti bọ́ọ̀lù tí kò jìnnà sí ihò. Bí ó ti fa ọ̀pá sẹ́yìn, òǹwòran kan pariwo mọ́ ọn kí ó lè ṣì í lu. Homa sọ lẹ́yìn náà pé ọkùnrin náà ti ta tẹ́tẹ́ dọ́là mẹ́ta ni. Dọ́là mẹ́ta! Kò sí ìjà láàárín wọn, Homa kò sì ṣẹ̀ ẹ́. Bọ́ọ̀lù náà wọ ihò.

Ẹnìkan lè wí pé ẹni tí ń jà ìjàkadì náà ń fẹ́ kí ẹnìkejì rẹ̀ ṣubú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tirẹ̀ náà ni ó fi wéwu, bí ẹsẹ̀ ẹnìkejì bá sì rọ́ kí ìjà tó gbóná, inú rẹ̀ kì í dùn sí irú ìṣẹ́gun bẹ́ẹ̀. Ti atatẹ́tẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Augusta ní oṣù kẹrin ọdún 2023, Tiger Woods fi ìdíje sílẹ̀ láìparí rẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ tí ń dùn ún. Bí àṣà àwọn ilé tẹ́tẹ́ ti rí, ẹni tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ tí ó sì fi eré sílẹ̀, ẹnìkejì rẹ̀ ni ó jẹ. Nítorí náà ìrora ẹsẹ̀ ọkùnrin kan lè di owó lọ́wọ́ ẹni tí kò fojú kàn án rí.

Ẹ tún wo Bobby Jones, ní ìdíje ńlá ti Amẹ́ríkà ní ọdún 1925, ní Worcester. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ mì díẹ̀ nínú koríko kí ó tó lù ú. Ẹlòmíràn kò rí i, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ní kí a ka lílù kan mọ́ òun lọ́rùn. Nígbà tí ìdíje parí, òun àti Willie Macfarlane dọ́gba. Wọ́n tún un gbá, Jones sì pàdánù. Lílù kan péré ni ì bá sọ ọ́ di olúborí láìsí àtúngbá. Kí ni ẹni tí ó ta owó lé e lórí ì bá máa fẹ́ ní wákàtí náà? Ì bá fẹ́ kí ó dákẹ́ ni. Níhìn-ín ni a rò pé gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà: tẹ́tẹ́ yìí gbé ènìyàn rere dé ibi tí òdodo ẹlòmíràn ti di àdánù fún un. Àwa kò sì fẹ́ ṣe bí ẹni pé eré náà mọ́ tónítóní rí. Àwọn ará Scotland tí ó kọ òfin rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Leith ní ọdún 1744 wà lára ìran tí ń ta owó lé eré ara wọn. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ń di ọ̀pá mú fúnra wọn.

Nípa owó páànù, ẹnu wa kò kọ́kọ́ kò. Ẹnìkan nínú wa wí pé kí baba dá a padà lọ́jọ́ náà gan-an; ẹlòmíràn wí pé òjò kì í bèèrè ibi tí páànù ti wá. Ohun tí a fi ẹnu kò sí nígbẹ̀yìn ni pé kí ó má ṣe ta ọmọ nù, kí ó má sì tíì kan páànù náà. Kí ó kọ̀wé, kí ó sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ní ọjọ́ tí o jẹ owó yìí, nígbà tí ẹnìkejì dúró ti bọ́ọ̀lù rẹ̀, kí ni ò ń tọrọ nínú ọkàn rẹ? Olùkọ́ náà ti kọ lẹ́tà náà. Páànù wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èsì kò sì tíì dé.