Ẹṣin Iwájú ni Tẹ̀yìn Ń Wò Sáré

Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò ní yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́kàn, síbẹ̀ mi ò mọ òwe tó bá ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ oríkèé ìgbáròkó fún mu tó o. Onítọ̀hún ti kúrò lórí tábìlì dókítà, irin àti ike ti wà níbi tí eegun rẹ̀ tó bàjẹ́ wà tẹ́lẹ̀, wọ́n wá ní kó dìde kó rìn. Gbogbo ara rẹ̀ ń sọ fún un pé kó má dán an wò. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ìyànjú láti ẹnu ẹni tó ti la irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ kọjá wà lára ìtọ́jú fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní bó ṣe yẹ ká ṣe é, ó sì ní ibi tó yẹ kó dúró.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ aláìsàn náà. Láti ọdún 1962, nígbà tí John Charnley fìdí ọ̀nà tí à ń gbà ṣe iṣẹ́ abẹ yìí múlẹ̀ nílé ìwòsàn Wrightington nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà kò yí padà púpọ̀: wọ́n á gé orí eegun itan tó ti bàjẹ́ kúrò, wọ́n á ki irin bọ inú eegun náà, wọ́n á sì fi ojúhò tuntun sí ìgbáròkó kí orí irin náà lè máa yí nínú rẹ̀. Ohun tó yí padà ni ohun tó ń tẹ̀lé e. Láyé ọjọ́un, aláìsàn á wà lórí ibùsùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nísinsìnyí, lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an tàbí lọ́jọ́ kejì ni wọ́n máa ń gbé e dìde, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú iṣan ẹsẹ̀ ẹni tó bá dùbúlẹ̀ pẹ́, kó gbéra lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kó sì pa á. Iṣan tó yí oríkèé tuntun náà ká pàápàá, ìrìn ló ń fún un lágbára. Síbẹ̀, ẹnu kan náà tó ní kó rìn ló tún ń kì í nílọ̀. Ẹni tí wọ́n gba ẹ̀yìn ìgbáròkó là, wọn á ní kó má tẹ̀ kọjá 90 dígíríì, kí orúnkún rẹ̀ má ga ju ìbàdí lọ tó bá jókòó, kó má fi ẹsẹ̀ kan kọ́ èkejì, kó má yí ọmọ ìka ẹsẹ̀ sínú, torí pé oríkèé tuntun lè yẹ̀, pàápàá láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Dìde, ṣùgbọ́n ṣọ́ra. Láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni ẹ̀rù ti ń rí ààyè wọlé, ẹ̀rù kò sì gbóògùn ìrora.

Ta ló wá lè lé ẹ̀rù náà? Lọ́dún 1987, James Kulik àti Heike Mahler tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà nípa àwọn ọkùnrin tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ ọkàn. Wọ́n fi àwọn kan sí yàrá kan náà pẹ̀lú ẹni tóun náà ṣì ń retí tirẹ̀, wọ́n fi àwọn yòókù sọ́dọ̀ ẹni tó ti ṣe tirẹ̀ tán. Àwọn tó bá ẹni tó ti ṣe é tán gbé yàrá kò páyà tó àwọn ẹgbẹ́ wọn. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n rìn ju àwọn ẹgbẹ́ wọn náà lọ, wọ́n sì tètè lọ sílé. Nínú ìwádìí mìíràn tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1996, àwọn tó dá nìkan wà nínú yàrá ni ara wọn pẹ́ jù kó tó yá. Ẹnì kan lè ní ọkàn kì í ṣe ìgbáròkó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n wọ̀n: ìpayà, ìrìn, àti ọjọ́ tí aláìsàn padà sílé. Bó bá jẹ́ pé rírí ẹni tó ti kọjá níbẹ̀ lè mú kí ẹni tí wọ́n la àyà rẹ̀ rìn, mi ò rí ìdí tí kò fi ní ran ẹni tó jẹ́ pé ìrìn gan-an ni ìtọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́.

Kì í kúkú ṣe ẹnikẹ́ni tó ti ṣe é rí ni yóò bá aláìsàn mu. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, àgbàlagbà tí làkúrègbé ti jẹ oríkèé wọn ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gba oríkèé tuntun. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀dọ́ wà níbẹ̀ dáadáa. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde jù lágbàáyé, ó lé ní 100,000 lọ́dún. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí lè dí iṣan tóóró tó ń bọ́ orí eegun itan, títí eegun náà á fi kú, kó sì di pé wọ́n nílò oríkèé tuntun. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tó ń ronú bóun á ṣe padà sí yunifásítì àti bóun á ṣe bímọ kò ní rí ara rẹ̀ nínú bàbá ẹni àádọ́rin ọdún, bó ti wù kí bàbá náà rìn dáadáa tó. Albert Bandura ti sọ ọ́ lọ́dún 1977 pé rírí ẹni tó jọ wá tó ṣe nǹkan yọrí máa ń jẹ́ ká gbà pé àwa náà lè ṣe é.

Àwọn kan á ní ẹbí ti tó, àdúrà sì ti tó. Mi ò bá wọn jiyàn lórí àdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹbí máa ń ṣe nílé wa. Ìyá á gbé omi ìwẹ̀ wá, àbúrò á gbé oúnjẹ wá sórí ibùsùn, ọkọ á ní, “Má dìde o, jẹ́ kí n bá ẹ gbé e.” Àlejò á kí i títí, á sì gbà á nímọ̀ràn pé kó sinmi dáadáa. Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ ìfẹ́ tí kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ń tú iṣẹ́ dókítà ká. Ẹni tó ti ṣe é rí nìkan ló lè sọ pé, “Ẹ jẹ́ kó lọ bu omi náà fúnra rẹ̀,” kí ẹnikẹ́ni má sì pè é ní ìkà. Òun náà ló mọ àwọn ìṣòro tí ìwé ilé ìwòsàn kì í sábà rántí. Ìyàwó ilé tó rí ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń bọ̀, orúnkún rẹ̀ á ti fẹ́ kanlẹ̀ kó tó rántí ìkìlọ̀. Ẹni tó ṣáájú á kọ́ ọ pé kó tètè fi ẹnu ṣe ìkúnlẹ̀ náà: “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, dókítà ò tíì gbà kí n kúnlẹ̀.” Á sọ fún Mùsùlùmí pé orí àga ni òun ti kírun ní gbogbo àsìkò náà, ẹ̀sìn sì fàyè gbà á. Á sọ fún ẹni tó ń lo ṣáláńgá pé kafíńtà lè kan àga gíga oníhò, á sì ní kó gbàgbé ọ̀kadà ná. Ọ̀pá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi í sí ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń dùn wọ́n, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ kejì ló yẹ kó wà. Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó le ló ń kọ́kọ́ gòkè, ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe ló ń ṣáájú sọ̀kalẹ̀. Onífisiotẹ́rápì á ti sọ èyí. Ṣùgbọ́n rírí i lára ẹni tó ń ṣe é láìbẹ̀rù, ìyẹn ló ń jẹ́ kó wọra.

Bí a ṣe ń gbani níyànjú tún wá ṣe pàtàkì ju pé a ń gbani níyànjú lọ. Irọ́ dídùn kò ran aláìsàn lọ́wọ́. Bó bá béèrè bóyá ó dunni, ká sọ pé ó dunni, ká sì sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ká má fi ìrìn tiwa díwọ̀n tirẹ̀, torí pé ẹnì kan lè ju ọ̀pá sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kẹfà, kí ẹlòmíràn lò ó tó oṣù mẹ́ta, kí àwọn méjèèjì sì sàn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìrìn àná tirẹ̀ ni ká fi wé ti òní. Òtítọ́ tó le jù lọ pàápàá, ká má fi pa mọ́ fún ọ̀dọ́ tó bá béèrè: ìwádìí tí ìwé ìròyìn Lancet gbé jáde lọ́dún 2019 fi hàn pé nǹkan bíi 58 nínú 100 oríkèé ìgbáròkó àtọwọ́dá ló ń pẹ́ tó ọdún 25. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lẹ́nu ẹni tóun náà ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń rẹ́rìn-ín, kò ní gbọ́ ọ bí ìdájọ́.

Àtakò tó wúwo jù lójú mi ni ti àwọn dókítà tó ń bẹ̀rù pé ìmọ̀ràn aláìsàn sí aláìsàn lè ṣekú pani. Wọ́n jàre. Ohun tó wo ẹsẹ̀ Lágbájá sàn lè ba ẹsẹ̀ Tàmẹ̀dò jẹ́. Àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ń gba iwájú wọlé, àwọn kan ń gba ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn, òfin ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀; wọ́n gba ẹlòmíràn láyè láti tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ gbogbo, wọ́n ní kí ẹlòmíràn ṣì máa tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé, “Èmi ò tẹ̀ lé èyí, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan,” ti kúrò ní agbaniníyànjú. Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó bá ní kí wọ́n lọ pe teguntegun wá wọ́ ẹsẹ̀ náà. Ìgboyà ni ká fún un, ká fi òfin sílẹ̀ fún ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà. Bí ẹ̀yìn ojúgun bá wú tó sì ń ro ó, bí èémí bá ṣàdédé ń há a, bí ojú ọgbẹ́ bá ń ṣomi, tàbí bí ẹsẹ̀ bá kúrú lójijì tí kò sì ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyànjú ti parí nìyẹn. Ilé ìwòsàn ló kàn, lójú ẹsẹ̀.

Ìdí mìíràn wà tí àwọn èèyàn wa kì í fi í fẹ́ bá ẹlòmíràn sọ àìsàn wọn, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ní fòníkú-fọ̀ladìde mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà lè ba ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó òun jẹ́ bó bá dé etí àwọn àna. Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, lóòótọ́, ṣùgbọ́n òwe yẹn kò ní ká lọ sọ ọ́ lọ́jà. Ẹnì kan ṣoṣo ti tó, ẹni tí àṣírí tirẹ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì bá ara wọn sọ kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀.

Kò yẹ kí àwọn ilé ìwòsàn wa fi èyí sílẹ̀ fún oríire. Lọ́dún 1945 ni ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Ìgbóbì l'Ékòó bẹ̀rẹ̀, láti mú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ lógun àgbáyé kejì padà bọ̀ sípò; èrò pé ìtọ́jú ju iṣẹ́ abẹ lọ kò ṣàjèjì sí wa. Wọ́n lè sọ pé kò sí owó fún ètò tuntun. Èyí kò gbówó lórí. Lọ́jọ́ kíníìkì, kí nọ́ọ̀sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń retí iṣẹ́ abẹ àti ẹni tó wá fún àyẹ̀wò oṣù kẹta bóyá wọ́n á fẹ́ jókòó pọ̀. Kí onífisiotẹ́rápì ti kọ́kọ́ bá ẹni tó ṣáájú sọ̀rọ̀ nípa ohun tó lè sọ àti èyí tó gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Lórílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń ta dúkìá, tí wọ́n sì ń yá owó kí wọ́n tó lè san owó oríkèé tuntun, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ sílé láì tíì rí ẹnì kan péré tó ń fi irú rẹ̀ rìn.