Ó Ha Tọ́ Kí A Ta Ilé Baba Ẹni Bí?

Ìdílé kan ní Ìpọ̀nrí ránṣẹ́ pè mí ní ọjọ́ kan pé kí n wá jókòó láàrin wọn. Ilé baba ńlá wọn, tí àwọn Àgùdà kọ́, ṣì dúró ní Erékùṣù Èkó. Oníṣòwò kan fẹ́ ra òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà nìkan: gbọ̀ngàn fífẹ̀ kan lábẹ́ òrùlé, tí a fi pákó tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, tí fèrèsé rẹ̀ ga, tí ènìyàn sì lè ti ibẹ̀ wo òpópónà láti ìkángun kan dé èkejì. Àbúrò baba wọn obìnrin, tí ó ti di arúgbó, ni ó ń gbé ìsàlẹ̀. Àwọn kan ní kí a tà á. Àwọn kan ní èèwọ̀ ni. Wọ́n wá bi mí pé, “Bàbá Olùkọ́, ó ha tọ́ kí a ta ilé baba ẹni bí?” Ìbéèrè yìí kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí náà ni mo ṣe gbé e wá síwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn tí ó ní èèwọ̀ ni. Wọ́n ní ilé kì í ṣe ti àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ nìkan. Ti àwọn tí ó ti kọjá lọ ni, ti àwọn tí a kò ì tíì bí ni pẹ̀lú. Nítorí irú èyí ni Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwá ti Èkó, ṣe bá ìjọba rojọ́ lórí ilẹ̀ Àpápá títí ẹjọ́ náà fi dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1921, àwọn adájọ́ àgbà níbẹ̀ dá a láre pé ti ẹbí àti ará ìlú ni ilẹ̀, ìjọba kò sì lè gbà á láìsan owó rẹ̀ pé. Nábótì pẹ̀lú kọ ọ̀rọ̀ fún Áhábù ọba, bí ọba tilẹ̀ fi owó àti ọgbà tí ó dára ju tirẹ̀ lọ lọ̀ ọ́. Títí di òní, ẹni tí ń rìn kiri ní Èkó yóò rí i lára ọ̀pọ̀ ògiri tí a kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé náà kì í ṣe títà. Nítorí àwọn ọmọ ilé mìíràn a máa tà á lẹ́yìn ẹbí.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ní kí a tà á kì í ṣe aláìmòye. Òrùlé ń jò, pákó ń jẹrà, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tí ó ní owó àtúnṣe. Láti 1955 ni ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn láti tún Èkó ṣe ti bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé púpọ̀ ní àárín Erékùṣù, tí a sì kó àwọn ènìyàn wá sí Sùúrùlérè. Ní ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ nínú ìdílé yìí wá tẹ̀dó sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ogún wọn wà ní ibì kan, ayé wọn wà ní ibòmíràn. Òfin Mósè pàápàá fi ìyàtọ̀ sáàrin ilẹ̀ oko àti ilé inú ìlú olódi. Ilẹ̀ oko a máa padà sọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín ní ọdún júbílì. Ṣùgbọ́n ilé inú ìlú olódi, bí a kò bá rà á padà kí ọdún kan tó pé, ti ẹni tí ó rà á ni títí láé. A kò lè wí, nígbà náà, pé títa ilé jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ wo ilé tí a ń pè ní Ilojo Bar, ní gbàgede Tinúbú. Ní 1855 ni ìdílé Fernandez kọ́ ọ. Ní 1933 ni ìdílé Ọláìyá rà á. Ní 1956 ni ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí fún gbogbo orílẹ̀-èdè, tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án 2016, a wó o palẹ̀. Ẹ kíyè sí i: a tà á ní 1933, kò wó, ọdún 83 ni ó tún fi dúró. Kì í ṣe títà ni ó pa á. Ní ọjọ́ tí ilẹ̀ abẹ́ ilé bá ti níye lórí ju ilé lọ lójú ènìyàn, ilé náà ti wó tán nínú ọkàn, ìbáà ṣe ọmọ ilé ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà ṣe àlejò. Ṣùgbọ́n ilé Míṣọ́nnì ní Badagry, tí a parí ní 1845, ṣì dúró, nítorí a kò ṣíwọ́ títọ́jú rẹ̀.

Nítorí náà, mo wí fún ìdílé náà pé ìbéèrè wọn kò tíì pé. Kí a má bi pé, “Ṣé kí a tà á?” nìkan, kí a bi pé, “Ta ni ó fọwọ́ sí i? Kí ni a ó fi owó náà ṣe? Ta ni yóò sì jìyà rẹ̀?” Bí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdílé kò bá fohùn ṣọ̀kan, kì í ṣe títà, olè jíjà ni. Bí a bá pín owó náà jẹ, tí òrùlé sì ń jò síbẹ̀, a ti jẹ ogún àwọn ọmọ tí a kò ì tíì bí. Mo tún rán wọn létí pé ẹni tí ó ra òkè kò lè gbé e lọ. Orí ògiri ẹni ìsàlẹ̀ ni òkè dúró lé, abẹ́ òrùlé ẹni òkè sì ni ẹni ìsàlẹ̀ ń sùn. Kò sí èyí tí ó lè dá wí pé, “Tèmi nìkan ni.”

Nígbà náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti bi Ìyá àgbà tí ó wà nísàlẹ̀ léèrè. Ilé pa rọ́rọ́. Kò sí ẹni tí ó bi í. Àwọn tí ó ní kí a tà kò bi í. Àwọn tí ó ní èèwọ̀ ni, tí wọ́n ń fi orúkọ àwọn òkú búra, kò bi alààyè kan ṣoṣo tí òjò ń rọ̀ lé lórí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí èmi pàápàá ti sọ̀rọ̀ tó wákàtí kan kí n tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Wọ́n sún ìpàdé síwájú, wọ́n sì pinnu láti lọ jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé. Èmi kò mọ ohun tí yóò wí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn àgbà wa wí pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ogún bá dé ọwọ́ yín lọ́la, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí ń sinmi nínú rẹ̀, kí ẹ tó ka iye owó rẹ̀.