Olúwa Tó Fọwọ́ Lẹ́rán

Bíbélì kíkà: 1 Pétérù 5:6-11
Ẹsẹ àkọ́sórí: 1 Pétérù 5:7

Bí Yorùbá bá ní ẹnìkan fọwọ́ lẹ́rán, ìbáwí ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ wà nílẹ̀, kò ṣe é. Ilé ń jó, ó jókòó, ó ń wò ó. Ṣùgbọ́n ní àwọn abúlé ilẹ̀ Lituéníà, níbi tí ọmọ Ìjọ Kátólíìkì pọ̀ sí, Jésù Olúwa gan-an ni wọ́n máa ń gbẹ́ báyìí. Òrùlé kékeré kan wà lórí òpó igi lẹ́bàá ọ̀nà. Olúwa jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó dé adé ẹ̀gún, ó tẹrí ba, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Rūpintojėlis ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún àníyàn ni wọ́n fà á yọ: Ẹni tó ń ṣàníyàn. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn jókòó nítorí pé ọ̀rọ̀ kò kàn án, ọ̀tọ̀ ni kó jókòó nítorí pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

Kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábúlé tí kì í ṣojú irú àmì bẹ́ẹ̀. Ní oríta, ní itẹ́ òkú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ni wọ́n ń ri àgbélébùú igi óákù mọ́lẹ̀. Òmíràn kò ju mítà kan àti díẹ̀ lọ, òmíràn ga tó mítà 5. Ẹni tó ń ṣègbéyàwó á so ìborùn aláràbarà mọ́ ọn. Wọ́n tún máa ń so aṣọ tí obìnrin ń ta mọ́ iwájú bó bá ń dáná mọ́ ọn, àmì ọmọ bíbí nìyẹn. Bó bá di oṣù Karùn-ún, oṣù Màríà, àwọn ará abúlé á kóra jọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, wọn á kọrin sí Ìyá Olúwa.

Nítòsí ìlú Šiauliai, òkè kékeré kan wà tí àwọn èèyàn ti ri àgbélébùú kún. Ní 1961, ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì, tó ń ṣàkóso Lituéníà nígbà náà, kó katapílà lọ wó o. Wọ́n dáná sun ti igi, wọ́n kó ti irin lọ bí àlòkù, wọ́n fọ́ ti òkúta. Àwọn onígbàgbọ́ kò fọwọ́ lẹ́rán. Lóru, wọ́n gbé òmíràn wá. Ìjọba tún wó o, àwọn onígbàgbọ́ tún rì í. Nígbà tí Póòpù John Paul Kejì dé ibẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án, 1993, àgbélébùú ti bo òkè náà bí igbó. Àwọn tí Olúwa ń ṣàníyàn fún ni wọ́n dìde ṣàníyàn fún àgbélébùú rẹ̀.

Olùfẹ́, bóyá ó ti pẹ́ tí o ti ń sunkún sí Ọlọ́run lórí ọ̀ràn kan, tó sì ń ṣe ọ́ bí ẹni pé ńṣe ló kàn fọwọ́ lẹ́rán. Tún un wò dáadáa. Wo orí rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn kì í dé adé ẹ̀gún.

Fún òní: Dárúkọ ẹrù kan ní pàtó níwájú Olúwa, kí o sì fi í sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà, ronú kan ẹnì kan ládùúgbò rẹ tí ìwọ náà ti ń fọwọ́ lẹ́rán wò. Lọ kí i kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àdúrà: Jésù Olúwa, ìwọ tó jókòó sí ojú ọ̀nà tí à ń gbà kọjá, gba àníyàn mi lónìí. Má ṣe jẹ́ kí n fọwọ́ lẹ́rán níbi tí ọmọnìkejì mi ti ń jìyà. Àmín.