Epo Tí A Kò Lò

Láti ọjọ́ pípẹ́ ni ìbéèrè kan ti wà láàárín àwọn arìnrìn-àjò: bí ènìyàn bá ti ṣe àdéhùn pé òun yóò dé ibì kan ní àkókò kan, ṣé ó tọ́ kí ó yà lọ́nà nítorí ewu tí ojú kò tíì rí? Ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lè fi ìbéèrè yìí ṣeré, nítorí bí ó bá rẹ̀ ẹ́, yóò jókòó sábẹ́ igi. Ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú kékeré kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìrìn-àjò láti Accra sí Èkó. Nǹkan bí 400 kìlómítà ni lójú òfuurufú. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan, irú Cessna 172 tí ó ń gba ènìyàn mẹ́rin, a máa fò tó nǹkan bí 200 kìlómítà ní wákàtí kan, a sì máa mu epo bí lítà 35 láàárín wákàtí náà. Lójú ìṣirò inú kíláàsì, wákàtí méjì, lítà 70, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ tí ń sáré 40 kìlómítà ní wákàtí kan bá dojú kọ ọkọ̀ náà, wákàtí méjì di méjì ààbọ̀, epo sì sún mọ́ lítà 90. Ìlànà àjọ ICAO tún wà pé ẹni tí ń fi ojú rẹ̀ wo ọ̀nà fò lójúmọmọ gbọ́dọ̀ gbé epo tí yóò gbé e dé ibi tí ó ń lọ, kí ó sì tún ku ti ìṣẹ́jú 30 sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òru, ti ìṣẹ́jú 45.

Ẹnìkan lè wí pé kí awakọ̀ kúkú rọ epo kún dẹ́nudẹ́nu. Kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Epo bí 200 lítà tí àwọn tuntun nínú irú ọkọ̀ yìí lè lò wúwo ju 140 kílò lọ, ìyẹn àgbàlagbà méjì. Bí àgbàlagbà mẹ́rin bá wọlé pẹ̀lú ẹrù wọn, a ní láti dín epo kù. Ìbẹ̀rù pàápàá ní ìwúwo tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọ̀sán kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikùn nìkan. Ẹni tí ó bá balẹ̀ ní Lomé tàbí Kútọnu láti jẹun yóò bá àwọn aṣọ́bodè orílẹ̀-èdè mìíràn pàdé. Ó lè rí kẹrosíìnì bàálù ńlá níbẹ̀ bí omi òkun, kí ó má sì rí epo tí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ń mu. Yóò sì tún gbéra nígbà tí oòrùn ti mú afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́, tí ìyẹ́ ọkọ̀ kò rí nǹkan dì mú dáadáa, tí ọkọ̀ sì ní láti sáré pẹ́ kí ó tó fò. Ní àkókò òjò, ìrọ̀lẹ́ ni àwọsánmà àrá ń gbárajọ. Nítorí náà ni àwọn mìíràn fi ń di kenkey àti ẹja díndín sínú àpò láti Accra. Omi mímu ni wọ́n ń ṣọ́ra fún, nítorí ọkọ̀ náà kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ìdúró lọ́nà kì í ṣe ìwà ojo. Ní ọdún 1940, nígbà ogun, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kó ọkọ̀ ogun inú àpótí wá sí Takoradi, wọ́n ń tò wọ́n pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń fò wọ́n lọ sí Káírò, nǹkan bí máìlì 3,700. Ọ̀wọ́ kìíní gbéra ní ọjọ́ 20 oṣù Sẹ́tẹ́ńbà. Bí ogun ti le tó nì, wọ́n ń balẹ̀ ní Èkó, ní Kánò, ní Máídúgùrì, ní Khartoum, nítorí pé ohun tí tánkì gbà ni tánkì gbà.

Ìṣòro gidi ni pé ẹni méjì ni ó ń ṣe ìpinnu. Ẹni kìíní jókòó ní Accra láàárọ̀, ara rẹ̀ balẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí epo bá kù ju báyìí lọ ní ọ̀gangan Kútọnu, a ó tẹ̀ síwájú. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, a ó balẹ̀. Ẹni kejì dé ọ̀gangan Kútọnu lọ́sàn-án. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n ebi ń pa ẹni kejì yìí, obìnrin kan sì ń bẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìgbéyàwó àbúrò mi ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ l’Ékòó.” Èwo nínú àwọn méjèèjì ni kí ó pàṣẹ? A lè jiyàn pé ẹni ọ̀sán mọ̀ ju ẹni àárọ̀ lọ, nítorí òun ni ó rí afẹ́fẹ́ òní. Òtítọ́ ni. Bí ó bá rí ewu tí ẹni àárọ̀ kò rí, kí ó yí ìpinnu padà kíákíá. Ṣùgbọ́n ebi kì í ṣe ìmọ̀ nípa òfuurufú, ẹ̀bẹ̀ kò sì bu epo kún tánkì. Epo ìṣẹ́jú 30 yẹn kì í sì í ṣe ti awakọ̀ láti fi ṣe ènìyàn lóore. Àwọn tí kò lè ka aago epo ni wọ́n fi ẹ̀mí wọn lé e lọ́wọ́.

Bí ó bá wá balẹ̀ ní Kútọnu, kò ní ẹ̀rí kankan láti fi gbe ara rẹ̀. Bóyá epo náà ìbá tó. Kò lè fi ìjàǹbá tí kò ṣẹlẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Wọn yóò dé Èkó nígbà tí a ti gé kéèkì tán, obìnrin náà yóò bínú, ìbínú rẹ̀ yóò sì ní ìdí, nítorí pé ìpinnu tí ó tọ́ kò pa àdéhùn tí a ti ṣe rẹ́. Ó kù sí awakọ̀ láti bẹ ẹ̀gbọ́n, kí ó bẹ ìyàwó tuntun, kí ó sì san owó ìbalẹ̀ ti Kútọnu láti inú àpò ara rẹ̀.