Onílẹ̀ àti Onígbèsè Ìṣákọ́lẹ̀

Ní àwọn abúlé Lágelú àti Ẹgbẹ́dá nígbà náà, ẹni tí ó bá dáko sí orí ilẹ̀ onílẹ̀ a máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ní ọdún 1944 ni a rí àrùn tí ó ń mú ẹ̀ka kòkó wú ní agbègbè Ìbàdàn, ìjọba sì gé ọ̀pọ̀ igi lulẹ̀. Kí ni àgbẹ̀ yóò fi san ìṣákọ́lẹ̀? Ǹjẹ́ ó tọ́ kí onílẹ̀ lé e?

Àwa rò pé a ní láti ya ẹni tí kò ní sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó ní tí kò fẹ́ san. Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe iye owó ilẹ̀. Ẹ̀rí ni pé ilẹ̀ ní olúwa. Bí aláìní bá mú iṣu díẹ̀ wá, tí ó sì sọ òtítọ́, ẹ̀rí náà pé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń sá pamọ́ fún onílẹ̀ ti sọ àìní di èrú.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé onílẹ̀ lè jẹ́ opó tí ó ní ọmọ ní ilé-ìwé. Àánú kì í ṣe pé kí a gbé ebi kúrò ní ilé kan lọ sí òmíràn. Nítorí náà, kí onígbèsè kọ́kọ́ wá sọ̀rọ̀ kí a tó ránṣẹ́ pè é. Kí onílẹ̀ sì béèrè ìdí kí ó tó ka owó.