ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: Ṣé Ẹ Ti Wò Ó?

  

Ẹ̀kọ́ kíkà: Òwe 18:13 àti 17, Oníwàásù 7:10, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 17:22-28. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí Bíbélì yín, kí ẹ kà á ná. Kó má jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tèmi nìkan lẹ máa kà láàárọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré lójú ẹlòmíràn, torí pé ọ̀rọ̀ fíìmù ni. Ẹ wọ mọ́tò láti Kútọ̀ lọ sí Lafẹ́nwá, ẹ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ẹ dúró díẹ̀ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, ẹ ó gbọ́ ọ. "Ṣé o ti wo apá kejì?" "Ti àtijọ́ dáa ju èyí tí wọ́n tún ṣe yìí lọ." "Fíìmù yẹn ò da rárá, má wulẹ̀ fi dátà ẹ ṣòfò." A máa ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Ìbéèrè mi ni pé, nígbà tí a bá ń sọ fún ènìyàn pé fíìmù kan dáa tàbí kò dáa, ṣé eré la ń ṣe, àbí ẹ̀rí la ń jẹ́?

Eré ni èmi náà pè é tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ojú mi ṣe là.

Ẹ ó rántí pé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni fíìmù Lisabi: The Uprising jáde lórí Netflix. Lateef Adédiméjì ló ṣe Lísàbí, Níyì Akínmọ́láyàn ló darí rẹ̀. Ìtàn náà kò parí níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, apá kejì jáde, wọ́n pè é ní Lisabi: A Legend Is Born. Ní Abẹ́òkúta níbí, ta ni kò dá sí i? Ọmọ Lísàbí Agbòǹgbò Àkàlà la máa ń pe ara wa. Fíìmù náà di ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀rọ̀ ọjà.

Nígbà tí apá kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹnì kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ohùn náà ní òògùn àti òrìṣà nìkan ló wà nínú fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pé Kristẹni tó bá wò ó, tàbí tó bá fọwọ́ kan irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ti bá ẹ̀mí àìmọ́ dá májẹ̀mú. Ẹ̀yin ará, mi ò wo fíìmù náà. Mi ò tilẹ̀ gbọ́ ohùn yẹn dé òpin. Ṣùgbọ́n mo fọ́wáàdì rẹ̀ sí gúrúùpù ìjọ, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ ṣọ́ra o. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ nìyí." Àmín rọ́ wá bí òjò. Inú mi dùn, mo ń rò pé mo ti ṣiṣẹ́ olùṣọ́.

Ìyá kan wà nínú ìjọ wa. Aránṣọ ni wọ́n, ṣọ́ọ̀bù wọn kò jìnnà sí Ìtòkú níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe fíìmù ti máa ń gbé aṣọ wá fún wọn rán: agbádá, bùbá, aṣọ oba, aṣọ ìjòyè. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo fi ohùn yẹn ránṣẹ́ gan-an, àwọn kan gbé iṣẹ́ ńlá wá fún fíìmù àtijọ́ mìíràn. Ìyá dá iṣẹ́ náà padà. Ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu mi ló mú wọn ṣe é. Owó iṣẹ́ yẹn ni wọn ìbá fi kún owó ìdánwò WAEC ọmọ wọn. Owó ò pé, ọjọ́ kọjá, ọmọ náà jókòó sílé di ọdún kejì.

Mi ò mọ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ìyá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ní, "Ajíhìnrere, ẹ má bínú o, mo fẹ́ bèèrè nǹkan. Fíìmù Lísàbí tí ẹ ní ká ṣọ́ra fún yẹn, àwọn ọmọ àbúrò mi ń wò ó nílé, mo bá wọn jókòó díẹ̀. Mo rí òògùn níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ni mo rí. Ibo ni ẹ̀yin ti rí ti yín?"

Mo ní, "Mọ́mì, mi ò tíì wò ó."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ẹ ò wò ó?" Wọn ò bínú, wọn ò pariwo. Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n lọ. Ẹlòmíràn ló wá sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n dá padà àti ti ọmọ fún mi.

Ẹ gbọ́ ná. Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi tiẹ̀ burú ju ẹni yẹn lọ, torí pé ẹjọ́ tí mi ò gbọ́ tán ni mo dá. Sólómọ́nì náà sọ ọ́ nínú ẹ̀kọ́ kíkà wa: ẹni tó bá fèsì kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, ìtìjú ló máa jẹ níbẹ̀.

Mo wá wo apá méjèèjì, òru méjì ni mo fi wò wọ́n. Mi ò ní purọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn. Ọfọ̀ wà níbẹ̀, agbára òògùn wà níbẹ̀, ìpànìyàn wà níbẹ̀ tí mi ò ní jẹ́ kí ọmọ kékeré wò. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tí ohùn yẹn kò sọ. Mo rí àgbẹ̀ tó làágùn nínú oko, tí àwọn ìránṣẹ́ Ọ̀yọ́ wá ń kó èrè rẹ̀ lọ lójú rẹ̀. Mo rí bí ẹ̀rù ṣe ń sọ odidi ìlú di odi. Ó sì rán mi létí ìtàn tí àwọn àgbà wa ń sọ, pé Lísàbí kọ́kọ́ kó àwọn ènìyàn jọ sí aàró, kí wọ́n máa bá ara wọn ro oko lọ́kọ̀ọ̀kan, inú aàró yẹn ni ẹgbẹ́ Olóróògùn ti jáde, èyí tó gba Ẹ̀gbá lọ́wọ́ àwọn ìlàrí. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ kí àwọn bàbá wa tó tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Ọ̀rọ̀ aàró nìkan tó ẹ̀kọ́ oṣù kan fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa. Èmi olùkọ́ wọn ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ báyìí pé, "Ajíhìnrere, ṣé ó di dandan kí n jẹ májèlé kí n tó mọ̀ pé májèlé ni?" Ìbéèrè tó dáa ni. Rárá, kò di dandan. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti má wo fíìmù tí ọkàn yín kò gbà. Ẹ tún lè sọ ọ́ síta pé, "Èmi ò ní wò ó, torí pé òògùn wà níbẹ̀, ọkàn mi kò sì gbà á." Òtítọ́ nìyẹn, ẹ̀rí ọkàn yín lẹ sọ. Ohun tí a kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ni pé ká máa ròyìn ohun tí a kò rí bí ẹni pé a rí i. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ fún wa pé májèlé ń pani, ó ti rí ẹni tó pa. Kì í ṣe pé ó kàn fọ́wáàdì rẹ̀.

Ẹ wo Pọ́ọ̀lù ní Áténì. Ìlú òrìṣà ni, ọkàn rẹ̀ sì dàrú nítorí rẹ̀. Síbẹ̀, kó tó la ẹnu, ó ti rìn káàkiri, ó ti wo àwọn pẹpẹ wọn, ó ti ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀kan nínú wọn, ó sì mọ ọ̀rọ̀ àwọn akéwì wọn. Ó bá wọn wí lóòótọ́, àmọ́ nǹkan tó fi ojú ara rẹ̀ rí ló fi bá wọn wí. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi gbọ́ tirẹ̀. Ìròyìn ò tó àfojúbà.

Ọ̀rọ̀ apá kejì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa máa ń wo apá kìíní, a ó sì ti dájọ́ tán. Túndé Kèlání, tó lo ìgbà èwe rẹ̀ ní Abẹ́òkúta níbí, gbé Ṣaworoidẹ jáde ní 1999. Ní 2002, ó gbé Agogo Èèwọ̀ tẹ̀lé e. Nínú èyí, àwọn ìjòyè Jogbo fi Adébọ̀sípò, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, jọba. Wọ́n rò pé yóò bá wọn jẹ níbi tí wọ́n ti ń jẹ. Wọ́n ti parí ìtàn ọkùnrin náà lọ́kàn wọn kó tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣì í mú. Ẹ jẹ́ ká kọ́ bí a ṣe ń sọ pé, "Ibi tí mo wò ó dé nìyí, ohun tí mo rí nìyí." Gbólóhùn yẹn kò dín iyì ẹnikẹ́ni kù.

Èyí tí wọ́n tún ṣe náà ńkọ́? Nígbà tí House of Ga'a jáde ní oṣù keje ọdún 2024, àwọn tó ti mọ ìtàn Baṣọ̀run Gáà láti inú eré tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi wé ti àtijọ́. Kò burú láti fi nǹkan wéra. Ṣùgbọ́n Oníwàásù kìlọ̀ fún wa pé ká má máa béèrè ìdí tí ayé àtijọ́ fi dára ju ti ìsinsìnyí lọ, pé ìbéèrè yẹn kò ti inú ọgbọ́n wá. Mo yẹ ara mi wò lórí èyí. Kò sí fíìmù tuntun tó lè dùn mọ́ mi bíi ti ìgbà tí a máa ń rọ́ sí pálọ̀ aládùúgbò wa láti wo kásẹ́ẹ̀tì. Ṣé fíìmù yẹn ló dára tó bẹ́ẹ̀? Bàbá mi wà láyé nígbà náà. Èjìká wọn ni mo máa ń sùn sí kí fíìmù tó parí. Àwọn ni mo ń ṣàárò, mo wá ń fi ìyẹn jẹ́ ẹ̀rí lòdì sí ọmọ ọlọ́mọ tó ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lónìí.

Ẹ má sì rò pé ìbáwí nìkan ni èké máa ń wọ̀. Bí ọmọ ìjọ wa bá ṣe fíìmù, tí kò dára, tí gbogbo wa ń pariwo pé "Iná ń jó! Ògo ni fún Ọlọ́run!", ẹ̀rí èké náà nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ràn ọmọ náà á pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní, "Ọmọ mi, ibi báyìí kò yé mi." Ìfẹ́ kì í sá fún òtítọ́.

Ìlú wa yìí ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní 1859. Lẹ́tà lẹ́tà ni wọ́n fi ń to ọ̀rọ̀ nígbà náà kí ìwé tó jáde. Ẹni tó ń tò ó láàyè láti ronú. Lónìí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà lápò olúkúlùkù wa, ìka kan péré ló ń tẹ̀ ẹ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Mo ti tọrọ àforíjì nínú gúrúùpù yẹn gan-an, torí pé ibi tí mo ti dá ẹjọ́ ni ó yẹ kí n ti dá a padà. Àmín ọjọ́ náà kò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́. Mo lọ bá ìyá ní ṣọ́ọ̀bù, mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí. Mo dá sí owó ìdánwò ọmọ náà ní ọdún tó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ọdún kan tó lọ, ta ló lè dá a padà? Ọmọ náà ń kí mi dáadáa. Nígbà mìíràn ìkíni rẹ̀ máa ń wúwo lórí mi.

Nítorí náà, lónìí, kí ẹ tó sọ pé "ó dáa" tàbí "kò da," ẹ bi ara yín ní ohun mẹ́ta: Ṣé mo wò ó? Ibo ni mo wò ó dé? Ṣé mo lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lójú ẹni tó rán aṣọ inú rẹ̀?

ÀDÚRÀ: Bàbá wa ọ̀run, dárí jì wá níbi tí a ti jẹ́rìí ohun tí a kò rí. Fún wa ní ìgboyà láti sọ òtítọ́, àti sùúrù láti wádìí rẹ̀ ná. Tọ́jú àwọn tí ọ̀rọ̀ ẹnu wa ti pa lára tí àwa kò sì mọ̀. Lórúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.

IṢẸ́ ÒÒJỌ́: Ẹ wá ọ̀rọ̀ kan tí ẹ ti fọ́wáàdì láìwádìí nínú fóònù yín. Bó bá jẹ́ pé kì í ṣe òtítọ́, ẹ padà síbi tí ẹ fi ránṣẹ́ sí, kí ẹ tún un sọ níbẹ̀.

Ẹ kú òwúrọ̀ o. Ọlọ́run á wà pẹ̀lú yín.