Àgbò Tó Fẹ̀yìn Rìn, Agbára Ló Lọ Mú Wá

Àwọn àgbà tó wo ìjà àgbò ni wọ́n sọ ọ́ pé àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Ẹni tí kò mọ àgbò yóò rò pé ó ti sá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò tètè yà kúrò lọ́nà. Òwe yìí bá ọ̀pọ̀ nǹkan mu láyé, àmọ́ ibi tó ti bá nǹkan mu jù lójú tèmi ni ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹni tuntun ní ìpá títa, pàápàá nínú taekwondo.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ gbọ̀ngàn taekwondo kì í fẹ́ fẹ̀yìn rìn rárá. Ó ti wo fíìmù títí, ó ti rí ẹni tó fò sókè, tó yí lójú òfuurufú, tó sì fi ẹsẹ̀ kan gbá ẹni mẹ́ta lulẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni kí ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà tètè kan etí ẹnìkan. Ṣùgbọ́n bí a bá ní ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó jáde, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ bá ti débi tó ń lọ, àwọn gan-an ni ìpá. Èyí tó wà láàárín wọn, tí òǹwòran ń pàtẹ́wọ́ fún, èrè iṣẹ́ ni.

Ilẹ̀ Kòríà ni taekwondo ti wá. Ọdún 1955 ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ tó ń jẹ́ yìí. Wọ́n fi han ayé níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ní Seoul lọ́dún 1988 àti ní Barcelona lọ́dún 1992, kó tó wá di ojúlówó ìdíje tí wọ́n ń gba àmì-ẹ̀yẹ lé lórí ní Sydney lọ́dún 2000. Nàìjíríà náà ti jẹ níbẹ̀: Chika Chukwumerije gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ ní Beijing lọ́dún 2008. Àwa Yorùbá ní ìjàkadì tiwa, àmọ́ ọwọ́ àti ìdìmú ni wọ́n fi ń ja ìyẹn. Nínú taekwondo, ẹsẹ̀ ni olórí iṣẹ́. Ẹsẹ̀ tí a sì ti ń fi rìn láti kékeré, tí a kò ronú sí mọ́, òun gan-an ló máa ń ṣòro láti tún kọ́ lákọ̀tun.

Ẹ wo bí olùkọ́ tó mọṣẹ́ ṣe ń kọ́ni ní ìpá iwájú, èyí tí àwọn ará Kòríà ń pè ní ap chagi. Kò ní sọ pé kí ọmọ ju ẹsẹ̀. Yóò ní kó fi ọwọ́ kan ti ògiri, kó dúró gbọn-in, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka òǹkà Kòríà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Hana: orúnkún gòkè dé ìbàdí, gìgísẹ̀ sún mọ́ ìdí. Dul: ẹsẹ̀ nà síwájú, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ká sókè, kó lè jẹ́ pé ibi tó ki lábẹ́ ẹsẹ̀, lẹ́yìn ọmọ-ìka, ni yóò kan ohun tí a ń ta. Set: ẹsẹ̀ ká padà síbi tó ti jáde, orúnkún ṣì wà lókè. Net: ẹsẹ̀ wálẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

Set yìí ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tuntun máa ń gbàgbé. Ọmọ kan wà ní kíláàsì kan, kò ní ju ọdún mẹ́jọ lọ, ìgbànú funfun rẹ̀ gùn dé orúnkún. Ó ju ẹsẹ̀ tán, ẹsẹ̀ já lulẹ̀ pàà níwájú rẹ̀, gbogbo ara sì tẹ̀ lé e.

"Dúró níbẹ̀. Ta ló ní kó o sọ ọ́ sílẹ̀?"

"Kóòṣì, ó ti kàn án, sà."

"Ó kàn án lóòótọ́. Ṣé ó ti padà wálé? Gbé e padà."

Ọmọ náà gbé e padà, ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó di ògiri mú. Ìgbà náà ló yé e pé ẹsẹ̀ wúwo. Ó wúwo lóòótọ́: ẹsẹ̀ kan tó bí ìdá kan nínú mẹ́fà ìwọ̀n ara ènìyàn. Ẹni tó bá wọ̀n tó kílò 60, ẹrù bíi kílò 10 ló ń jù sínú afẹ́fẹ́, ẹsẹ̀ kan péré ló sì fi dúró lákòókò tó ń jù ú. Bí kò bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹrù náà padà, ẹrù yóò gbé e lọ. Níbi ìjà, alátakò kò ní ju kó fà sẹ́yìn díẹ̀, kó jẹ́ kí ẹsẹ̀ já lulẹ̀, kó sì dá èsì padà nígbà tí onípàá ṣì ń wá ibi tí yóò dúró sí.

Nítorí náà, orúnkún tó gòkè kí ẹsẹ̀ tó nà ni àgbò tó fẹ̀yìn rìn. Ibẹ̀ ni agbára wà. Ẹsẹ̀ tó bá ti ilẹ̀ lọ tààrà láìká orúnkún, agbára itan nìkan ló ń lò, ẹni tí wọ́n fẹ́ ta á fún sì ti rí i lókèèrè. Ṣùgbọ́n bí orúnkún bá kọ́kọ́ gòkè, itan, ìbàdí àti ẹ̀yìn yóò jọ ti ẹsẹ̀ jáde. Àǹfààní mìíràn tún wà nínú rẹ̀. Láti orí orúnkún kan náà ni ìpá iwájú ti ń jáde, ibẹ̀ náà ni ìpá yíyí àti ìpá ẹ̀gbẹ́ ti ń jáde. Alátakò rí orúnkún, kò mọ èwo ló ń bọ̀.

Wọ́n tún ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé ìpá ni ẹsẹ̀ tó dúró nílẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Ìpá yíyí, dollyo chagi, ló fi èyí hàn jù. Orúnkún yóò gòkè, ìbàdí yóò yí, ẹsẹ̀ yóò wá láti ẹ̀gbẹ́, òkè ẹsẹ̀ ni yóò sì kan ohun tí a ń ta. Ṣùgbọ́n bí ìbàdí ṣe ń yí, ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ yí lórí iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, títí gìgísẹ̀ yóò fi kọjú sí ibi tí ìpá ń lọ. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tí ìbàdí sì ń yí, orúnkún ni yóò jẹ ìyà ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Títẹ̀ àti nínà ni iṣẹ́ orúnkún. A kò dá a fún yíyí. Ẹni tó bá fi tipátipá yí i, iṣan tó so egungun mọ́ egungun nínú rẹ̀ lè já, ìyẹn kì í sì í ṣe ọgbẹ́ tí wọ́n ń fi róòbù pa.

Ìdí nìyí tí olùkọ́ tó gbọ́n kì í fi í dúró síwájú ọmọ nígbà tó bá ń kọ́ ìpá yìí. Ẹ̀yìn ló ń dúró sí. Ojú rẹ̀ kò sí lára ẹsẹ̀ tó wà lókè, gìgísẹ̀ ìsàlẹ̀ ló ń ṣọ́. Á fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀, á ní, "Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ òkè. Gìgísẹ̀ ẹ ńkọ́?" Ọmọ yóò yí gìgísẹ̀ láìta ìpá kankan, yóò yí i títí yóò fi sú u. Ibi tó ti sú u yẹn gan-an ni ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n.

Ti ìpá ẹ̀gbẹ́, yop chagi, kò jìnnà sí èyí. Orúnkún yóò ká wá síwájú àyà, ìbàdí yóò yí, ẹsẹ̀ yóò nà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí gìgísẹ̀ àti etí àtẹ́lẹsẹ̀ ti ń ṣíwájú. Ìpá ẹ̀yìn, dwi chagi, kó dúró ná. Ẹni tí kò lè yí gìgísẹ̀ kò tíì ní ohun tí yóò fi kọ ẹ̀yìn sí alátakò.

Ọ̀rọ̀ kan tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ gíga. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ẹsẹ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ náà kò tó orí. Bó bá ní dandan ni kó dé ibẹ̀ lónìí, yóò tẹ ẹ̀yìn bàjẹ́, ọwọ́ méjèèjì tó yẹ kó fi ṣọ́ ojú yóò fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ yóò sì dúró lórí ọmọ-ìka. Ìdí la ti ń gun igi. Kó ta á dé ìbàdí ná, kó ta á jẹ́ẹ́jẹ́, kó lè dá ẹsẹ̀ dúró sínú afẹ́fẹ́ kó sì ká a padà láìṣubú. Ìpá tí ènìyàn kò bá lè ta ní pẹ̀lẹ́, kò tíì mọ̀ ọ́n; ìyára ló ń bá a bo àbùkù mọ́lẹ̀. Ohun tó bá sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣe, kó fi tòsì ṣe é.

Ẹnìkan lè béèrè pé ṣebí orí ni wọ́n ti ń gba àmì jù. Bẹ́ẹ̀ ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, ní Rio de Janeiro, Cheick Sallah Cissé ti Côte d'Ivoire àti Lutalo Muhammad ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jọ wọ̀yá ìjà àṣekágbá àwọn ọkùnrin oníkílò 80. Àmì 6 sí 4 ni Muhammad fi ń ṣíwájú, ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ló kù. Cissé kọ ẹ̀yìn sí i, ó yí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bá Muhammad lórí. Àmì 4 ni irú ìpá bẹ́ẹ̀ ń mú wá nígbà náà, ló bá di 8 sí 6. Wúrà Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ gbà rí nìyẹn. Ayé rí ẹsẹ̀ tó dé orí. Ṣùgbọ́n ìpá àyípo bẹ́ẹ̀, orí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ara ti ń yí. Bí ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ bá yẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan yẹn, fàdákà ni ì bá gbé relé.

Ara pàápàá ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. A kì í fi ara tútù ta ìpá. Kí ènìyàn sáré díẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn, kó yí ìbàdí, kí ara gbóná ná. Nína iṣan pẹ́ títí, ìgbà tí iṣẹ́ bá parí ló dára fún un. Bó bá ń ta afẹ́fẹ́ lásán, kó má ṣe na orúnkún tán pátápátá. Kó fi díẹ̀ sílẹ̀, torí kò sí ohun tí yóò dá ẹsẹ̀ dúró níwájú àfi orúnkún fúnra rẹ̀. Kó má sì ṣe gbàgbé pé egungun ni egungun. Ní ìparí ọdún 2013, ní Las Vegas, Anderson Silva, ọ̀gá nínú àwọn ọ̀gá ìjà àdàlù (MMA), ju ẹsẹ̀ sí Chris Weidman nísàlẹ̀. Weidman gbé ẹsẹ̀ pàdé rẹ̀, ojúgun Silva sì kán. Nígbà tó di ọdún 2021, Weidman fúnra rẹ̀ ju irú ẹsẹ̀ kan náà sí Uriah Hall, tirẹ̀ náà kán. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ti jẹ iṣẹ́ náà mọ́ra, kí ni ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ń wá nídìí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń fi ojúgun gbá? Tìmùtìmù tí wọ́n ṣe fún un wà, òun ni kó ta.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má torí èyí kó ọmọ yín kúrò níbẹ̀. Israel Adéṣànyà, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó lọ́dún 1989, bẹ̀rẹ̀ taekwondo nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Òpébì. Ó fara pa, ìyá rẹ̀ sì yọ ọ́ kúrò. Kò sí ìyá tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó di ọmọ ọdún 18, lẹ́yìn òkun ní New Zealand, ló tún ẹsẹ̀ kọ́ nínú kickboxing, ó sì di ọba ìwọ̀n àárín ní UFC, ìdíje ìjà àdàlù, lọ́dún 2019. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ẹni tó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ kò tíì pẹ́ jù. Èkejì ni pé ìbéèrè tó yẹ kí òbí bi olùkọ́ kì í ṣe "Ìgbà wo lọmọ mi máa gba ìgbànú dúdú?" bí kò ṣe "Ẹ jọ̀ọ́, kóòṣì, ta ló ń wo gìgísẹ̀ rẹ̀?"

Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Kí wọ́n tó ta ìpá kan nínú taekwondo, wọ́n á kọ́kọ́ tẹrí ba fún olùkọ́ àti fún ẹni tí wọ́n jọ fẹ́ ṣe é. Bí wọ́n bá parí, wọ́n á tún tẹrí ba. Ẹni tó bá gbé ìpá ọjọ́ méjì lọ dán wò lára ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, kò kọ́ nǹkan kan. Ìwọ tó o fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wá olùkọ́ tó ní sùúrù, má fi fídíò nìkan kọ́ ọ. Gbé orúnkún kó o tó na ẹsẹ̀, yí gìgísẹ̀ bó o ṣe ń yí ìbàdí, ká ẹsẹ̀ padà kó o tó gbé e sílẹ̀. Bó o bá ti mọ mẹ́ta yìí dáadáa, orí tí ò ń kánjú dé kò ní sá lọ.